Nọ́ńbà Ilé Tí Mo Fún Wọn

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó tán nínú mi, torí ayọ̀ tí mo wà nínú rẹ̀ báyìí kò tọ́ sí mi. Èmi Àdùfẹ́, tí mò ń báni gba ẹrù jáde ní èbúté Àpápá, mo purọ́ fún àwọn tó fẹ́ràn mi jù.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi gbé yàrá kan ní Ajégúnlẹ̀. Nígbà tí mo lóyún, tí ọkọ mi wà lórí òkun, Ìyá Efe tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi ló ń pọnmi fún mi. Mọ́rúfù tó ń wa tírélà ló ń gbé mi lọ sí ọsibítù. Ìyá Efe tún gba ègé aṣọ lọ́wọ́ gbogbo ará ilé, ó fi rán kúbùsù fún ọmọ mi. Ó ku oṣù kan kí n bímọ ni owó ńlá wọlé, mo bá kó lọ sí Àpápá GRA.

Mo bí Afọlábí, Ìyá Efe, Mọ́rúfù àti àwọn ará ilé ní àwọn ń bọ̀ wá wò ó. Mo ronú nípa àwọn ọ̀gá àdúgbò, mo ronú nípa síńgílẹ́ẹ̀tì Mọ́rúfù, ojú tì mí. Nọ́ńbà mọ́kànlá ni ilé mi. Mo fún wọn ní mẹ́sàn-án, mo sì pa fóònù. Aláìmoore ni mí!

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú yẹn, láti ẹ̀yìn kọ́tìnì, mo rí wọn tí wọ́n gbé ìkòkò sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́. Bàbá Dáhùnsí, tó ti jẹ́ ọ̀gá nínú ọkọ̀ ojú omi rí, ló ń dá gbé nọ́ńbà mẹ́sàn-án tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi, pẹ̀lú ajá rẹ̀ tó rù kan eegun. Mo rò pé yóò lé wọn. Ó ní, "Kò sí Àdùfẹ́ níbí o, ṣùgbọ́n ẹ wọlé. Ó ti pẹ́ tẹ́nì kan ti bá mi jẹun." Kò pẹ́ tí ẹ̀rín fi sọ. Wọ́n ń gbàdúrà fún Afọlábí, èmi tí mo gbé e lọ́wọ́ ń ti fèrèsé.

Gbogbo Àìkú tó bá parí oṣù ni wọ́n ń padà wá. Èmi nìkan nínú ilé oníyàrá márùn-ún, mò ń gbóòórùn ọbẹ̀ bàńgà, mò ń jowú arúgbó. Ibẹ̀ ni mo ti ṣe èyí tó burú jù. Mo pe Godstime, gáàdì àdúgbò. "Àwọn àjèjì kan ń pariwo níbẹ̀ yẹn, bá mi lé wọn." Ó wọlé lọ. N kò rí i kó jáde.

Lóṣù tó kọjá, Afọlábí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn gba ojú ihò ọgbà òdòdó tó wà láàárín ilé méjèèjì kọjá sọ́dọ̀ wọn. Mo sáré tẹ̀ lé e láìwọ bàtà. Orí itan Ìyá Efe ni mo bá a, dòdò lọ́wọ́. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ nọ́ńbà.

Mọ́rúfù bú sẹ́rìn-ín. "Àbúrò, ọjọ́ tá a kọ́kọ́ dé la ti rí kúbùsù tí Ìyá Efe rán lórí okùn aṣọ ẹ. A ní tó ò bá fẹ́ rí wa, ká máa jẹun níbi tí wàá ti máa gbóhùn wa."

Omijé dà lójú mi. Mo ní ó ṣì kù, mo sọ ti gáàdì. Ẹnì kan nawọ́ sókè láàárín wọn, ẹnu rẹ̀ kún bámúbámú. Godstime ni. "Màdáàmù, na me. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo ti sọ fún wọn pé ẹ̀yin lẹ rán mi. Ni Ìyá Efe bá bu oúnjẹ fún mi."

"Àdùfẹ́, abeg, dìde," Ìyá Efe ní. "Gbogbo ìgbà tá a bá wá la máa ń bu tìẹ sọ́tọ̀."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí owó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé fún, ẹ má ṣe bíi tèmi. Owó gba yàrá márùn-ún fún mi. Àwọn wọ̀nyí ni ọrọ̀ mi, èmi ni mo sì ní kí wọ́n lé wọn jáde. Àwọn ti dárí jì mí, ẹ̀yin náà ẹ dárí jì mí. Lọ́jọ́ tí mo jẹ́wọ́ yẹn, mo béèrè ẹni tó ti ń jẹ oúnjẹ tí wọ́n ń bù sọ́tọ̀ fún mi láti ọjọ́ yìí wá. Bàbá Dáhùnsí tọ́ka sí ajá rẹ̀. Ó ti sanra débi pé kò lè dìde kí mi.