Òkun Tí Díákónì Fi Dẹ́rù Bà Mí

Ògo fún Ọlọ́run tó sọ òkun di ọ̀nà ilé ọmọ mi! Ẹ ò dáhùn dáadáa. Mo ní ògo! Ẹ ṣeun. Ẹ̀yin tí ẹ ò dáhùn, mo mọ̀ yín.

Ẹ̀yin ará, olùkọ́ jọ́gíráfì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, Fúnmiláyọ̀, ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Tòbágò, erékùṣù kékeré kan ní òdìkejì òkun. Ó lóyún lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru bá a fínra. Dókítà rẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù: "Màmá, iṣẹ́ abẹ la máa ṣe, ṣùgbọ́n ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kọ̀, kò wálẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á. Ẹ̀yin ló ń pè. Ẹ tètè máa bọ̀."

Mo lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, Díákónì nínú ìjọ yìí. Òun ni olórí ẹbí, àṣà ilé wa sì ni pé olórí ẹbí ló ń gbàdúrà lé arìnrìn-àjò lórí kí ó tó jáde.

"Ìyàwó," ó ní, "pápákọ̀ òfurufú tí wàá sọ̀kalẹ̀ sí, ṣé ní Tòbágò ló wà?"

"Rárá, sà. Trínídáàdì ni. Màá wọ ọkọ̀ òfurufú kékeré láti ibẹ̀."

"Erékùṣù sí erékùṣù! Irú omi bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ Pọ́ọ̀lù rì sí. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi wà lójú agbami. Jókòó sí ulé, ìyàwó. N kò ní í gbàdúrà lé òkú lórí."

Òkú! Èmi! Ọkùnrin tí kò kọjá Adó-Èkìtì rí ló ń fi òkun kọ́ mi. Ó sọ ọ́ kiri ìjọ títí ẹgbẹ́ obìnrin fi ń wò mí bí ẹni tí wọ́n ti sin.

Ní òwúrọ̀ tí mo fẹ́ lọ, mo wọṣọ tán, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń dúró de Díákónì, bóyá yóò wá gbàdúrà. Ògiri kan ló wà láàrin ilé tirẹ̀ àti tèmi. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń wúkọ́. Kò wá. Mo gbàdúrà fún ara mi, mo wọ mọ́tò lọ sí Èkó.

Olúwa, o ṣeun! Mo gba Lọ́ńdọ̀nù dé Trínídáàdì. Ẹsẹ̀ mi wú. Mo bi obìnrin tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò pé, ọmọ mi, báwo ni Tòbágò ṣe jìnnà tó?

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá àgbà, ẹ má sùn o. Bí ẹ bá tòògbé pẹ́nrẹ́n, ẹ ò ní í rí òkun náà."

Ẹ̀yin ará, kò tó ìdajì wákàtí! Bí ẹni tó ti Ìkọ̀lé lọ sí Ọ̀yẹ́ ni. N kò tíì mu jùùsì tí wọ́n fún mi tán tí a fi balẹ̀. Agbami Díákónì nìyẹn o!

Ní ọsibítù, Fúnmiláyọ̀ di ọwọ́ mi mú. "Màmi, ẹ wá?"

"Ta ni ìwọ rò pé yóò wẹ ọmọ rẹ?"

Ó rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́, ìfúnpá wálẹ̀. Dókítà ní, "Oògùn tí à ń wá nìyí." Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ. Abo ni! Ìyá wà, ọmọ wà. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi wẹ̀ ẹ́. Ẹ bá mi dúpẹ́! Ẹ tún bá mi dúpẹ́!

Mo padà dé, mo gbọ́ pé Díákónì ń sọ pé àdúrà òun ló gbé mi kọjá òkun. Àdúrà wo?

Ìwọ tí ìdààmú bá, bí wọ́n bá ní ọ̀nà rẹ jìn, bi wọ́n bóyá wọ́n ti rìn ín rí. Ọlọ́run tó gbé mi kọjá yóò gbé ìwọ náà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo dúpẹ́, n kò ní í yéé dúpẹ́.

Díákónì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde kí àwọn àlejò rí yín. Láti erékùṣù kan sí èkejì, ìdajì wákàtí kò pé. Láti ẹnu ọ̀nà yín sí ẹnu ọ̀nà mi, ẹ ò tíì dé.