Lẹ́tà Ìyàwó Aránbàtà

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ nígbà tí ẹ̀mí ṣì wà lára ọ̀gá mi, torí bí mo bá dúró dìgbà tí wọ́n bá sin ín, ẹ ó ní mò ń purọ́ mọ́ òkú. Gbogbo yín lẹ mọ ohùn rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélógún ló fi ń ka lẹ́tà àwọn tí ayé ń ni lára lórí rédíò, tó ń gbà wọ́n nímọ̀ràn. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ìtàn ìgbésí ayé òun sínú ìwé. Mo ti kọ orí mẹ́fà. Orí keje ni mi ò lè kọ, torí irọ́ mi ló wà níbẹ̀.

Èmi ni mo ń bá a to lẹ́tà. Ọ̀gá kì í ka lẹ́tà sílẹ̀. Ojú ẹ̀rọ gbohùngbohùn ló ti ń ya àpò lẹ́tà, ẹ̀yin náà á sì máa gbọ́ bó ṣe ń ya. Ó ní, "Bí mo bá ti kà á tẹ́lẹ̀, eré ni mò ń ṣe yẹn." Nítorí náà, èmi ni màá tú gbogbo rẹ̀, màá mú mẹ́ta tó dára jù, màá fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n padà. Kò sí ẹlòmíì tó ń rí wọn. Nígbà tí fóònù dé ọwọ́ gbogbo ayé, lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n. Lọ́jọ́ kan, ẹyọ kan péré ló wọlé, ẹni náà sì ń béèrè ohun tí wọ́n fi ń lé eku. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé eku ló máa wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi báyìí?" Àmọ́ ó tún yẹ inú àpò náà wò bóyá òmíì wà níbẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni mo jókòó, mo kọ lẹ́tà àkọ́kọ́. Ìwé ìtàn tí mo ń yá kà kiri ti kó sí mi lórí, mo rò pé ẹkún ọmọ aráyé ṣeé rán bí aṣọ. Mo di opó, mo di ọmọ òrukàn, mo di bàbá tí ọmọ kọ̀ sílẹ̀. Ọ̀gá ń sunkún, ìlú ń sunkún, inú mi ń dùn lẹ́yìn gíláàsì yàrá tó ti ń sọ̀rọ̀. Ẹ gbà mí, inú mi ń dùn!

Ọkùnrin kan ń rán bàtà lójú títì wa. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ń tiro, ó sì máa ń súfèé bó bá ń ṣiṣẹ́. Ó rán bàtà mi lọ́fẹ̀ẹ́ rí, ó ní, "Àbúrò, bàtà yìí ti tó fẹ̀yìn tì o, ẹ jẹ́ ó lọ sinmi." Kò ṣẹ̀ mí. Mo kàn fẹ́ kí ìtàn mi jọ òótọ́ ni. Mo kọ lẹ́tà bí ẹni pé ìyàwó aránbàtà kan ni mí, pé ọkọ mi ń fi májèlé sí oúnjẹ mi díẹ̀díẹ̀. Mo fi títiro rẹ̀ sí i, mo fi sísúfèé rẹ̀ sí i. Ọ̀gá ya àpò náà, ó kà á, ohùn rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Ẹ̀yin aládùúgbò ọkùnrin yìí, ẹ mọ̀ ọ́n. Bí obìnrin yìí bá kú, ọwọ́ yín wà níbẹ̀." Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti fọ́ ṣọ́ọ̀bù aránbàtà náà, wọ́n ti fi òòlù tirẹ̀ fọ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ọlọ́pàá ló kó ohun tó ṣẹ́ kù lára rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó rẹ̀ wọlé tọ̀ wá, ó pọn ọmọ. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fi lẹ́tà náà hàn mí. Èmi ò mọ A yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ adìẹ. Ta ló bá mi kọ ọ́?" Ọ̀gá yíjú sí mi. Ọlọ́run ló ṣílẹ̀kùn yẹn fún mi, èmi ni mo tì í. Mo ní, "Òun ló wá, sà. Ó ní kí n bá òun kọ ọ́, ó ń sunkún bó ṣe ń sọ ọ́. Ó tiẹ̀ ní bí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀, òun máa sẹ́." Obìnrin náà ní, "Èmi? Àǹtí, ẹ wo ojú mi dáadáa." Mo wò ó. Mo ní, "Ẹ̀yin ni, mà." Ọ̀gá di ọwọ́ rẹ̀ mú: "Ìyá ọmọ, má bẹ̀rù." Lọ́sàn-án, ó ké sí àwọn ẹ̀gbọ́n obìnrin náà lórí afẹ́fẹ́ pé kí wọ́n wá gbà á sílẹ̀. Wọ́n sì wá. Bó ṣe ń lọgun ni wọ́n ń fà á lọ, tòun tọmọ.

Oṣù méje ni ọkọ fi wà látìmọ́lé kí wọ́n tó ní kò sí ẹ̀rí. Ọwọ́ rẹ̀ ti jinná síbi tí kò yẹ, kò lè di abẹ́rẹ́ mú mọ́. Àwọn àna rẹ̀ ní kò ní fojú kan ọmọ náà láéláé. Mi ò mọ ibi tó kó lọ. Ọ̀gá gba àmì ẹ̀yẹ nítorí lẹ́tà yẹn. Èmi ni mo gbé e mọ́ àyà délé bá a.

Lóṣù tó kọjá, àwọn dókítà yọ gògóńgò ọ̀gá. Inú ìwé ló ti ń bá wa sọ̀rọ̀ báyìí. Ó kọ ọ́ sí mi pé, "Ní orí keje, sọ pé ìyàwó aránbàtà tí mo gbà sílẹ̀ yẹn ni èrè ayé mi." Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́. Kò gbá mi létí. Ó kọ nǹkan, ó pa á rẹ́, ó tún kọ, ó tún pa á rẹ́. Níkẹyìn ó nà án sí mi: "Mélòó nínú àwọn lẹ́tà náà ló jẹ́ òótọ́?" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ka iye wọn, ó dà rú mọ́ mi lójú. Ó kọjú sógiri. Kò tíì kọ ọ̀rọ̀ kan sí mi láti ìgbà náà.

Mánẹ́jà ilé iṣẹ́ rédíò wa ní, "Bàbá tó fẹ́ fi ọ̀wọ̀ lọ, o fẹ́ dójú tì í? Pa ẹnu ẹ mọ́!" Mo ti pa á mọ́ tó. Aránbàtà, mi ò lójú láti ní kí ẹ dárí jì mí, síbẹ̀ mò ń bẹ̀bẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó mọ̀wé kọ, ẹ fojú mi kọ́gbọ́n. Ẹnikẹ́ni tó bá sì mọ ibi tí ìyàwó rẹ̀ wà, kó bá mi ka èyí fún un níwájú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ kà á bó ṣe wà. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ kankan kún un.