Aṣọ Àwọ̀ Ewé Tí Mo Rán fún Tiyamike

Ẹ súnmọ́ ibùsùn mi, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi. Dókítà ò fi pamọ́ fún mi pé mi ò ní pẹ́ kú, èmi náà ò ní fi nǹkan pamọ́ fún yín. Èmi Mai Nangwale, tí ẹ ń pè ní ìyá eré orí ìtàgé ní ìlú Zomba, ìkà ni mí. Èmi ni mo ba ayé Tiyamike jẹ́. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, inú mi sì ń dùn bí mo ti ń ṣe é.

Ìyá rẹ̀, Esnath, ni mo ń bá jà. Àwa méjèèjì la jọ kọ́ṣẹ́ eré. Nígbà tí rédíò ń wá ẹni tí yóò máa ka ìròyìn ojú ọjọ́, èmi ni wọ́n kọ́kọ́ mú. Esnath gba ẹ̀yìn lọ sọ fún ọ̀gá pé mo ní ikọ́ ife. Irọ́ ni, wọ́n sì gbà á gbọ́, wọ́n gbé iṣẹ́ mi fún un. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń ro nsima, òkèlè àgbàdo wa, tí ohùn rẹ̀ ń ti inú rédíò sọ fún mi nínú ilé mi pé òjò ń bọ̀. Ẹ ò lè mọ bó ṣe ń ta ni lára.

Nígbà tó yá, ó fa Tiyamike, ọmọ rẹ̀, tọ̀ mí wá. "Dorika, ọ̀rẹ́ mi, tẹlifíṣọ̀n ń wá ẹni tí yóò máa sọ ojú ọjọ́. Ìwọ nìkan lo lè kọ́ ọ. Àbí ikọ́ ẹ yẹn ò tíì lọ?" Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Fi ọmọ sílẹ̀. Gbogbo Malawi ni yóò mọ̀ ọ́n."

Mo kọ́ ọ dáadáa o. Mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń na ọwọ́ sí adágún Malawi lórí àwòrán ilẹ̀ láìkọ ẹ̀yìn sí èèyàn, àti bí ohùn ṣe gbọ́dọ̀ wálẹ̀ tó bá kan Mwera, ìjì tó ń dojú ọkọ̀ apẹja dé. "Má rẹ́rìn-ín sí Mwera, ọkọ ẹlòmíràn wà lórí omi." Ohun kan péré ni mo fi pamọ́. Kò sí àwòrán ilẹ̀ kankan lára ògiri tẹlifíṣọ̀n. Ògiri aláwọ̀ ewé lásán ni, ẹ̀rọ ló ń fi àwòrán bo ibi tó bá ti rí àwọ̀ náà. Ẹni tó bá wọ aṣọ àwọ̀ ewé, ẹ̀rọ á gbé e mì. Esnath ò mọ èyí, iṣẹ́ rédíò nìkan ló mọ̀.

Mo ra chitenje, aṣọ bí àǹkárá, tó ní àwọ̀ ewé, mo fi rán ẹ̀wù àti ìró. Tiyamike kúnlẹ̀ gbà á. "Mai, ṣé àwọ̀ yìí ò pọ̀jù?" "Àwọ̀ ewé àgbàdo ni, ọmọ mi. Ó yẹ ọ́." Lọ́jọ́ ìdánwò, Esnath bá wa lọ sí ilé tẹlifíṣọ̀n ní Blantyre. Òtútù mú, Tiyamike wọ kóòtù lé e. Mo ń tún irun rẹ̀ ṣe ṣáá títí wọ́n fi pariwo pè é. Ẹnu ọ̀nà ni mo ti bọ́ kóòtù náà lọ́rùn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ráyè dá a dúró.

Orí kan àti ọwọ́ méjì ló yọ lójú tẹlifíṣọ̀n tí gbogbo wa ń wò níbẹ̀, tí wọ́n ń fò lórí adágún. "Àjẹ́ dé o!" ni oníkámẹ́rà kan ké, ó di ikùn mú. Tiyamike ò mọ ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ó ń kìlọ̀ nípa Mwera pẹ̀lú ohùn tí mo kọ́ ọ. Mo wo Esnath tó fi ọwọ́ bojú, mo sọ nínú mi pé, wúkọ́ báyìí, jẹ́ n gbọ́.

Èyí tó burú jù ló kù. Ọ̀gá tẹlifíṣọ̀n fìbínú bi wá pé, "Ta ló wọ aṣọ yìí fún ọmọ yìí?" Mo yára dáhùn: "Ọ̀gá, mo kìlọ̀ títí. Ọmọ ìsinsìnyí ò gbọ́ràn." Ojú èmi àti Tiyamike ṣe mẹ́rin. Níbi tiwa, akẹ́kọ̀ọ́ kì í pe olùkọ́ rẹ̀ ní òpùrọ́ níwájú èrò. Ó kúnlẹ̀ síwájú mi. "Ẹ má bínú, Mai. Mi ò gbọ́ tiyín. Ẹ bá mi bẹ ọ̀gá." Ìyá rẹ̀ náà kúnlẹ̀: "Dorika, jọ̀ọ́, ọmọdé ni." Ohun tí mo ti ń wá láti ọjọ́ yìí nìyẹn, Esnath lórí ìkúnlẹ̀. Mo gbé àpò mi, mo bá tèmi lọ.

Wọn ò gbà á síṣẹ́, ìròyìn náà sì tàn ká ìlú. Níbikíbi tó bá gbà kọjá, àwọn ọmọ á máa pè é ní Orí-láìlára, títí ó fi sá lọ sí ìlú Karonga tó jìnnà réré. Wọ́n ní usipa, ẹja wẹ́wẹ́ inú adágún, ló ń tà níbẹ̀, kì í sì í sọ̀rọ̀ sókè. Mi ò bẹ Esnath, mi ò sì foríjì í. Tiyamike ni mo ń bẹ. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ bá mi wá a lọ. Ẹ dúró láàárín ọjà, ẹ lo ohùn tí mo kọ́ yín, ẹ sọ ọ́ kí gbogbo ayé gbọ́, pé Mai Nangwale ni òpùrọ́.