Àgbò Mi Kọ́ Ló Jẹ Ohùn Tẹlifísọ̀n

Àgbò mi kọ́, Baálẹ̀! Mo ní àgbò mi kọ́! Ràzákì, gbé ọ̀bẹ yẹn sílẹ̀ o! Bí o bá fọwọ́ kan irun kan lára àgbò tí Ṣàngódélé ọkọ mi fi sílẹ̀ fún mi kó tó kú, èmi pẹ̀lú ẹ la jọ máa wọ ìkòkò lónìí! Ẹ jókòó, Baálẹ̀, ẹ má dìde nítorí tèmi, ẹ jẹ́ kí n ro ẹjọ́ mi.

Àwọn ará tẹlifísọ̀n dé sí ìlú wa Massè láti wá ya ọjà ẹ̀gẹ́ wa. Wọ́n na okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti inú ọkọ̀ wọn, ó gba ẹnu ọ̀nà mi, ó gba iwájú yín níbí, ó lọ bá kámẹ́rà lábẹ́ ọ̀pẹ. Fabrice tó ń tọ́jú ẹ̀rọ wọn sọ pé ìmọ́lẹ̀ ló ń gbé ohùn Félicité, ọ̀gá wọn, gba inú okùn yẹn lọ sétí oníkámẹ́rà. Mo ní ó dáa. Ó ní kí n má yọjú wo ẹnu okùn, pé ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ kì í hàn, àmọ́ ó ń ba ojú jẹ́. Ṣé mo yọjú? Èmi tó jẹ́ pé ojú méjì péré ni mo fi ń ṣọ́ olè lọ́jà! Ó ní a ò gbọdọ̀ ṣẹ́ ẹ po, a ò gbọdọ̀ gbé nǹkan wúwo lé e. Ṣé mo gbé bídọ̀n epo mi lé e? Mo ń fò ó bí ẹni ń fo ejò, pẹ̀lú orúnkún mi yìí!

Àfi bí ohùn ṣe dákẹ́ wìì! Félicité ń pariwo nínú ọkọ̀, oníkámẹ́rà ò gbọ́, ìdí ewúrẹ́ ló ń yà! Fabrice nu ẹnu okùn, pàbó. Ó pààrọ̀ kásìkì tí wọ́n ń dé sétí, pàbó. Ló bá rí ìdérí ẹnu okùn lẹ́nu àgbò mi, ó ní ẹranko yìí ló jẹ okùn! Yéè! Ìdérí kékeré bí ọmọrí ìgò! Ta ló jù ú sílẹ̀? Ṣé ìdérí ni ohùn ń gbà kọjá? Ẹ̀yin náà sáré ní kí wọ́n pa á se fún àlejò, kí á fi tọrọ pádọ́n! Àgbò opó! Ẹ ò tiẹ̀ béèrè bóyá ojú eyín wà lára okùn!

Baálẹ̀, ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń fi rọ́bà fa epo pupa nínú dúrọ́ọ̀mù. Bí epo bá dúró, mi ò ní bá dúrọ́ọ̀mù jà. Ọwọ́ ni mo máa fi tọ rọ́bà náà láti òkè, títí n ó fi débi tí nǹkan ti fún un lọ́rùn. Ohun tí mo ṣe nìyẹn tí mo fi dé ibí. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọkọ̀ wọn. Mo tọ̀ ọ́ dé ẹnu ọ̀nà mi, kò sí nǹkan. Mo tọ̀ ọ́ dé ọ̀dọ̀ yín.

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀ tí kámẹ́rà kọjú síbí, ta ló sún àga ńlá yẹn síwájú kí ayé lè rí fìlà tuntun? Èmi ni? Àbí àgbò ni?

Ẹ wo ohun tí ẹsẹ̀ àga tẹ̀ mọ́lẹ̀. Tòsì. Rárá, tòsì, Bàbá!

Ó yá, ẹ dìde.

Háà! Ẹ gbọ́! Oníkámẹ́rà ń fò sókè, ó ní òun ń gbọ́! Fabrice, má tíì yọ̀, yẹ okùn wò bóyá ó ti ń ṣẹ́ nínú! Hẹ̀ẹ́hẹ̀ẹ́hẹ̀ẹ́! Ẹ jẹ́ n rẹ́rìn-ín, Ṣàngódélé náà ń rín in lọ́run! Ràzákì, tú àgbò mi sílẹ̀, àmọ́ má mú ọ̀bẹ lọ sílé. Àlejò ṣì máa jẹun, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́, Baálẹ̀? Àkùkọ yín mà sanra o!