Owó tí ń Pọ̀ Bí A Ṣe ń Ná An

Nínú takisí tí a wọ̀ ní Ayédé, bàbá kan tó jókòó tì mí ń rojọ́ ara rẹ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Káàdì tí ọmọ mi bá mi gbà ní báńkì yẹn, bí mo bá ti fi ra nǹkan, tí mo yẹ̀ ẹ́ wò lórí fóònù, owó ibẹ̀ á ti lé sí i. Owó tí ń pọ̀ bí a ṣe ń ná an! Mo ní òróró opó inú Bíbélì ló dé. Mo jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo san ìdámẹ́wàá."

"Owó ta wá ni?"

"Gbèsè mi ni! Káàdì àwìn ni. Èmi, tíṣà ìṣirò!"

"Yáa lọ sí ulé àlùfáà, kí o sọ òótọ́."

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́? Wọ́n ti fi mí ṣe alága ìkórè."