Bàbá Tó Ń Ro Pápá Bọ́ọ̀lù Ìsàn

Ṣáájú òmìnira, mo wọ bọ́lẹ̀kájà kan tó ń lọ sí Ìbàdàn, mo sì jókòó ti bàbá àgbàlagbà kan àti ìyàwó rẹ̀ láti Ìsàn. Ọmọ wọn ló ní kí wọ́n wá máa sinmi lọ́dọ̀ òun.

Bàbá ní, "Ta ni yóò máa ro pápá bọ́ọ̀lù ìlú báyìí?"

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ ni. Láti ìgbà tí mo ti wọ ulé yín lẹ ti ń ro ó, tí ẹ ń fi eérú fa ilà rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ yín. Bẹ́ẹ̀ ẹ ò gbá bọ́ọ̀lù rí."

"Mo gbá a lẹ́ẹ̀kan."

"Inú ìkòkò ọbẹ̀ mi lẹ gbá a sí."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ó rọra sọ pé, "Òjò ti ń rọ̀. Koríko á ti máa hù."

Ìyá wò ó títí. "Kí lẹ ó máa ṣe láàárọ̀ ní Ìbàdàn?"

"N óò máa jókòó ni."

Nígbà tí a dé Ọ̀yẹ́, tí kò tíì jìnnà sí Ìsàn, ìyá pe awakọ̀. "Ẹ bá wa sọ ẹrù wa kalẹ̀. Koríko Ìbàdàn ò mọ ọkọ mi."

Bàbá ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀.