Àwo Ionie

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ mi. Ìwọ Lyris, ọmọ ọmọ mi, sún mọ́ mi, torí ìgbéyàwó rẹ ni mo ṣe pè yín. Lọ́la lẹ óò tẹ́ tábìlì oúnjẹ fún àwọn òkú wa, kí wọ́n lè fọwọ́ sí i. Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ lónìí. Dókítà ní ọjọ́ mi ò pọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ikú kọ́ ni mò ń bẹ̀rù.

Ẹ mọ̀ pé mo ní àbúrò kan, Ionie, tó bómi lọ. Òun ni Cosmo, olóògbé bàbá yín, kọ́kọ́ fẹ́ fẹ́. Aruba tó ti ń ṣiṣẹ́ ló ti fi lẹ́tà ìtọrọ ránṣẹ́ sí ìyá wa, bí wọ́n ṣe ń ṣe ní erékùṣù Carriacou níbí. Ìyá wa ò mọ̀wé, èmi ni mo máa ń kà á fún wọn. Orúkọ Ionie ló wà níbẹ̀ gbangba. Ìlara gbé mi wọ̀, torí èmi náà ti fi ọkàn sí Cosmo. Mo wo ojú ìyá mi, mo ní Cosmo kọ̀wé pé òun ò fẹ́ Ionie mọ́. Mo wá fi orúkọ ìyá mi dá a lésì pé Ionie ti ní ẹlòmíràn. Ìkà ni mí, mo mọ̀. Ionie ò sunkún. Ó kàn bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ kà á dáadáa?" Mo ní mo kà á dáadáa. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n rí òkú rẹ̀ létí òkun, níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀.

Nígbà tí Cosmo délé, mo bẹ òun àti ìyá wa pé kí wọ́n má dárúkọ Ionie létí ara wọn, kí irọ́ mi má bàa tú. Ọdún kejì, ó ní òun óò fẹ́ mi. Wọ́n tẹ́ tábìlì, àwo kan fún òkú kan, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó, wọ́n tilẹ̀kùn. Ní ìdájí, èmi ni mo kọ́kọ́ wọlé. Oúnjẹ ti dín nínú àwọn àwo yòókù. Ti Ionie wà bẹ́ẹ̀, adìẹ rẹ̀, àgbàdo rẹ̀, omi òkun sì kún un dé etí. Ilẹ̀ tutù láti ìdí tábìlì dé ibi tí mo dúró. Tí òkú kan bá kọ oúnjẹ, kò sí ìgbéyàwó mọ́. Ìyá wa kanlẹ̀kùn, wọ́n ní, "Medora, àbúrò rẹ ńkọ́? Ṣé ó jẹ?"

Mo da gbogbo rẹ̀ gba ojú fèrèsé, mo fi aṣọ ara mi nu àwo, mo gbé e jáde. Mo ní, "Ó jẹ ẹ́ tán, Màmá." Ìyá wa gbá àwo náà mọ́ra, wọ́n ń sunkún ayọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe nígbà ìgbéyàwó àwọn ọmọ mi, Verna àti Agatha. Omi òkun ni mo bá nínú àwo Ionie, mo sì dà á nù. Òkun gbé ọkọ Verna. Òkun gbé ọkọ Agatha.

Lyris, inú ọkọ̀ ojú omi ni ẹni tí o fẹ́ fẹ́ ti ń ṣiṣẹ́ jẹun. Ẹ dárí jì mí tẹ́ ẹ bá lè ṣe é. Ṣùgbọ́n lọ́la, kí ẹ tó da aṣọ bo tábìlì, ẹ pe Ionie, ẹ sọ fún un pé Cosmo ò fìgbà kan kọ̀ ọ́. Tílẹ̀ bá mọ́, ìwọ fúnra rẹ ni kó o ṣílẹ̀kùn. Tí o bá bá omi nínú àwo, jọ̀ọ́, ọmọ mi, má purọ́ nítorí ọkùnrin.